Àpótí Abẹ́rẹ́ àti Ìlà Tí Mo Jẹ́ Kí Wọ́n Fagi Lé

Ọdún tó tẹ̀lé ọdún kòrónà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní Ìkòròdú, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lásìkò yẹn, garawa omi àti ọṣẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé ìwòsàn, àmọ́ omi kì í sí nínú ọ̀pọ̀ wọn mọ́. Mo ń kọ ọ́ nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa máa ń ní kí n sọ ọ́ fún wọn níbi ìpàdé, bí obìnrin mọ́kànlá ṣe kọ̀ láti kó ìdọ̀tí tí wọ́n sì gba àpótí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn ńlá. Bí àwọn fúnra wọn ṣe máa ń sọ ọ́, ó dùn, ó sì kúrú. Mo ti jókòó gbọ́ ọ rí bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Òun ló jẹ́ kí n pinnu láti kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bíi tiwọn.

Ilé ìwòsàn aládàáni ni, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Benson. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn tó ni ín nígbà náà kọ́ ló ni ín báyìí. Ìkirè ni wọ́n ti bí mi, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọkọ mi ló mú mi wá sí Ìkòròdú, yàrá méjì tí a háyà la sì ń gbé. Kí n tó di òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó, mo ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Odógùnyàn títí wọ́n fi tì í pa. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí àwa mọ́kànlá tó ń gbálẹ̀, tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tó sì ń kó ìdọ̀tí níbẹ̀ fẹ́ yan ẹni tí yóò máa bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n ní kí n bọ́ síwájú. Ìyá Dámi ni wọ́n ń pè mí.

Inú náílọ́ọ̀nù dúdú kan náà ni gbogbo nǹkan ń lọ: ìyókù oúnjẹ, bébà, òwú tó kún fún ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá omi tí wọ́n fà sí aláìsàn lára, abẹ́rẹ́, nígbà mìíràn ibi ọmọ pàápàá. Ọwọ́ la fi ń di ẹnu rẹ̀, a ó gbé e mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan, a ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi kòtò tí wọ́n ti ń sun ún. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò ni wọ́n ń fún wa, ẹyọ méjì láàárọ̀. Bó bá ya, ọwọ́ lásán lo máa fi ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ kejì. A ti sọ ọ́. A ti kọ ìwé. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Múlíkátù ló kéré jù nínú wa, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, apẹja ni bàbá rẹ̀ àti bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Yàrá tó kọjú sí tiwa ló ń gbé. Yóò kírun àárọ̀ tán, yóò kan ilẹ̀kùn mi, a ó sì jọ rìn lọ síbi iṣẹ́. Ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìwé tó fi ń múra ìdánwò kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀, ó sì máa ń kà á nígbà tí a bá ń jẹun ọ̀sán, tí yóò máa bi wá ní ìbéèrè tí ẹnì kankan nínú wa kò lè dáhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, láàárọ̀. Ó gbé náílọ́ọ̀nù jáde láti yàrá ìrọbí, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú garawa. Mo rí i tó dúró. Kò pariwo. Ó kan rọra gbé náílọ́ọ̀nù náà kalẹ̀, ó wo itan rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, nǹkan ti gún mi."

Abẹ́rẹ́ ni. Ó ti gba inú náílọ́ọ̀nù àti yẹ̀rì rẹ̀ kọjá, ó yà kúrò lára náílọ́ọ̀nù, ó sì dúró sínú ẹran itan rẹ̀. Èmi ni mo fà á yọ. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú sìrínjì náà, kì í ṣe tirẹ̀. Mo mú Múlíkátù lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, ó pẹ́ kí n tó dáwọ́ dúró. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ láti ṣe. Lẹ́yìn náà a lọ bá Métírọ̀n, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mà," ni mo wí. "Abẹ́rẹ́ gún Múlíkátù. A fẹ́ kí ẹ bá wa kọ ọ́ sínú ìwé ìjàǹbá."

"Abẹ́rẹ́ ta ni?"

"A ò mọ̀, Mà. Inú náílọ́ọ̀nù ló wà."

"Ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́?"

"A ti fọ̀ ọ́, Mà."

"Ẹ fi sípíríìtì sí i. Kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ."

"Ìwé ńkọ́, Mà?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Dámi, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ. Bí mo bá kọ ọ́, Ọ̀gá á ní èmi ni mi ò mójú tó iṣẹ́. Àwọn tó ń wá yẹ ilé ìwòsàn wò sì ń bọ̀ lóṣù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló gba ẹ̀bí ọmọ àbúrò mi, kò sì jẹ́ kí n dúró lórí ìlà. Ìwé ìjàǹbá náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Bó ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lé e.

A jáde. Múlíkátù padà lọ gbé náílọ́ọ̀nù rẹ̀. Èmi náà padà sídìí garawa mi. Àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́ ibí yìí nínú ìtàn náà, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. A parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Mà, ẹ má jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́ta o. Oògùn wà tí wọ́n ń fúnni tí kì í jẹ́ kí HIV wọ ara, àmọ́ bó bá ti pẹ́ jù, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo mú Múlíkátù lọ sí ilé ìtọ́jú aláìsàn ti ìjọba. Wọ́n gbà wá dáadáa. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò ní HIV, wọ́n sì fún un ní oògùn tí yóò lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó yẹ kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn mẹ́dọ̀wú, èyí tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tàbí kò sí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ti tán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí a padà wá. Wọ́n tún ní kí a mú ìwé wá láti ibi iṣẹ́, tó sọ ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ gún un. A ò ní ìwé.

Oògùn náà dà á dùbúlẹ̀. Gbogbo ohun tó bá jẹ ló ń bì. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí a tó lè padà lọ fún àyẹ̀wò tó kù, ìyá rẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́, ó sì mú un lọ sílé.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn náà la ṣe ìpàdé ní ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ. Mo ti múra láti bẹ̀ wọ́n, mo ti to ọ̀rọ̀ jọ. N kò lò ó. Ìyá Rídíwánù, tó dàgbà jù nínú wa, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Náílọ́ọ̀nù yàrá ìrọbí, èmi ló yẹ kí n gbé e lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, ló bá ní kí n jókòó." A gbà pé láti ọjọ́ Ajé, a ó máa wá síbi iṣẹ́, a ó gbálẹ̀, a ó fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣùgbọ́n a ò ní fọwọ́ kan ìdọ̀tí wọ́ọ̀dù.

Mo kọ ohun tí a fẹ́ sórí bébà. Kí àpótí abẹ́rẹ́ wà ní gbogbo wọ́ọ̀dù, kó jẹ́ pé ẹni tó bá lo abẹ́rẹ́ ni yóò sọ ọ́ sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ ìyeyè wà fún ohun tó bá ní ẹ̀jẹ̀, kí dúdú jẹ́ ti ìdọ̀tí lásán. Kí wọ́n fún wa ní ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti bàtà rọ́bà. Kí wọ́n gún gbogbo wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú. Ìlà tó kẹ́yìn ni ti Múlíkátù: kí ilé ìwòsàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi iṣẹ́ ni abẹ́rẹ́ ti gún un, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, òórùn ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Eṣinṣin bo ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Àwọn ẹbí aláìsàn ń pariwo mọ́ wa, obìnrin kan tutọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọ̀gá, dókítà tó dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa.

"Ta ni olórí yín?"

"Èmi ni, Sà."

"Ṣé o mọ̀ pé mo lè lé gbogbo yín lónìí, kí àwọn mìíràn ti dé lọ́la?"

"Mo mọ̀, Sà."

"Kí ló wá dé tí ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù ń bà wá, Sà. Ohun tó wà nínú náílọ́ọ̀nù yẹn ló ń bà wá lẹ́rù jù yín lọ."

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn ìdáhùn yìí púpọ̀. Ẹnì kan ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ ẹgbẹ́ rí. Ṣùgbọ́n kò yí nǹkan kan padà. Ọ̀gá kàn wò mí, ó sì gòkè padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan wọlé, ọkùnrin méjì tí a kò rí rí bọ́ sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ lásán kó gbogbo náílọ́ọ̀nù náà, wọ́n sì gbé e lọ. Ilé ìwòsàn mọ́. Lọ́jọ́bọ̀, mẹ́ta nínú wa padà sídìí iṣẹ́ tí a kọ̀ sílẹ̀, mi ò sì bá wọn wí. Mo rò pé ó ti parí. Inú mi ò bàjẹ́. Mo kàn ń wo ọwọ́ mi bó ṣe ń gbálẹ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ mìíràn dúró lẹ́nu géètì, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó pákí. Ọkùnrin márùn-ún ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àti bàbá arúgbó kan níwájú tó dé fìlà pẹlẹbẹ. Ejìnrìn ni wọ́n ti wá, ní etí ọ̀sà. Bàbá náà bọ́ sílẹ̀, ó kí ọlọ́dẹ géètì dáadáa, ó béèrè ìlera ilé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹrù yín la gbé wá."

Kí ọlọ́dẹ tó mọ ohun tó ń sọ, wọ́n ti ń já náílọ́ọ̀nù dúdú sílẹ̀ lójú ọ̀nà, níwájú àwọn tó ń wọlé àti àwọn tó ń ná ọjà lẹ́bàá títì. Òmíràn ti ya. Métírọ̀n sáré jáde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe yìí? Ta ló sọ fún yín pé tiwa ni?"

"Orúkọ yín wà lára bébà tó wà nínú rẹ̀," ni bàbá náà dá a lóhùn. Kò gbé ohùn sókè. "Ibi tí a ń so ọkọ̀ ojú omi wa mọ́ ni wọ́n dà á sí. Ibẹ̀ ni a ti ń wọ omi. Ibi ọmọ wà nínú rẹ̀. Ajá fà á jáde, ó ń wọ́ ọ kiri etí omi. Èmi ni mo gbà á lẹ́nu ajá tí mo sì bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ ta ni, Ìyáàfin? Ṣé ẹ mọ ìyá rẹ̀?"



Mo súnmọ́ bàbá náà. Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ lásán lẹ fi kó o?"

"Kí ni a bá fi kó o?"

Mo gbé omi àti ọṣẹ wá, mo sì ní kí gbogbo wọn fọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Àwọn èèyàn ti ń fi fóònù ya gbogbo rẹ̀. Bàbá náà fọ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe àlùwàlá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì wọ ọkọ̀ wọn lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá ránṣẹ́ pé òun ń retí wa lọ́jọ́ Ajé.

Èmi àti Ìyá Rídíwánù la lọ. Ọ̀gá wà níbẹ̀, Métírọ̀n wà níbẹ̀, àti lọ́yà kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Lọ́yà ka bébà wa sókè. Àpótí abẹ́rẹ́, wọ́n gbà. Náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n gbà. Ìbọ̀wọ́, bàtà, àjẹsára, wọ́n gbà gbogbo rẹ̀ kí a tó jiyàn. Ìgbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò.

"Mà, bí ìlà yìí bá wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn ti jẹ́wọ́ nìyẹn. A ò lè fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ká fọwọ́ sí ìyókù báyìí báyìí, kí àwọn àpótí náà dé lọ́sẹ̀ yìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ká tú ká."

Ìyá Rídíwánù wò mí. Fóònù mi wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà Múlíkátù ló wà lókè pátápátá, nítorí òun ni mo pè kẹ́yìn. Mo rò ó pé kí n pè é. Bí mo bá pè é, ó lè ní kí n má gbà, ó sì lè ní kí n gbà. Mi ò fẹ́ gbọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo da ojú fóònù náà dé orí itan mi.

"Ẹ yọ ọ́," ni mo wí.

Lọ́yà fi báírò fa igi lé ìlà náà, ó ní kí n fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, kó lè hàn pé mo mọ̀ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí a jáde, àwọn obìnrin dì mọ́ mi, wọ́n ń kọrin, ẹnì kan gbé mi sókè. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín, nítorí ó wà nínú fọ́tò tí wọ́n yà. Mi ò rántí pé mo nímọ̀lára kankan.

Ọjọ́ kejì ni mo wọ ọkọ̀ gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Múlíkátù jókòó sábẹ́ òjìji ilé wọn, ó ti rù, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Wọ́n gbà?" ló bi mí.

"Wọ́n gbà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, àfi tìẹ."

"Ta ló yọ ọ́?"

"Àwọn ló ní ká yọ ọ́. Èmi ni mo fọwọ́ sí i."

"Ẹ ò pè mí."

"Mi ò pè ẹ́."

Ó gbé ìjókòó rẹ̀ sún sẹ́yìn, ó fi ìdajì òjìji náà sílẹ̀ fún mi. "Ẹ jókòó, Àǹtí," ló wí. "Òòrùn ń pa yín."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò ní HIV. Ó ní mẹ́dọ̀wú. Wọ́n ní kó dúró oṣù mẹ́fà, bóyá ara rẹ̀ yóò lé e dànù fúnra rẹ̀, nítorí ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń lé e lọ. Oṣù mẹ́fà pé, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo mú èsì àyẹ̀wò náà lọ bá Ọ̀gá. Ó kà á, ó dá a padà fún mi, ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní i láti kékeré tí wọn ò mọ̀. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà, kò sí ìwé kankan níbi iṣẹ́ tó sọ pé ọjọ́ náà wà rárá. Kò sí ẹni tó lè sọ pé láti inú náílọ́ọ̀nù ló ti wá, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kì í ṣe ibẹ̀. Múlíkátù kò padà síṣẹ́. Kò padà sídìí ìwé nọ́ọ̀sì náà. Mo bi í nídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kò wu òun mọ́.

Àwọn àpótí náà wà níbẹ̀ títí mo fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kún, wọ́n á dí ẹnu wọn pa, ọkọ̀ tó ní ìwé àṣẹ á wá gbé wọn. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, abẹ́rẹ́ kò tún gún ẹnikẹ́ni nínú wa láti inú náílọ́ọ̀nù. A jà fún un, a sì gbà á, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé nǹkan kékeré ni. Àwọn ará Ejìnrìn tó gbà wá là, kò sẹ́ni tó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó lọ wò ó bóyá nǹkan gún àwọn náà. Ọdún kejì ni mo tó débẹ̀. Wọ́n ní bàbá náà ti kú, pé àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ni. Mi ò béèrè irú àìsàn tó jẹ́.

Bí ẹ̀yin ọ̀dọ́ bá fẹ́ mú nǹkan kan nínú èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bí ìgbọ̀nwọ́ ẹnikẹ́ni bá wà lórí ìwé, ẹ dúró síbẹ̀ títí yóò fi gbé e kúrò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, bí kò bá sí níbì kan, ẹ lọ síbòmíràn. Bí ẹ bá sì máa yọ ẹnì kan kúrò nínú àdéhùn, kí ẹni náà wà nínú yàrá, kó gbọ́ ọ létí ara rẹ̀.

Mo lọ kí Múlíkátù lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọbìnrin kan. Ọjọ́ tó bí i náà ni wọ́n gún ọmọ náà ní àjẹsára mẹ́dọ̀wú, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ́ fún agbẹ̀bí láti ìgbà tó ti lóyún. Òun náà ń lọ sí ilé ìwòsàn déédéé kí wọ́n lè máa wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbé ìrẹsì àti ẹja síwájú mi. Mo ní, "Múlíkátù, mo fẹ́ kí o dárí jì mí."

Kò wo ojú mi. Ó ń yọ egungun kúrò nínú ẹja ọmọ rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀díẹ̀ bóyá ó tún ku èyí tó lè gún un.

"Ẹ má béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi lónìí, Àǹtí," ló wí. "Ẹ jẹun."

Mo jẹun. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lẹ́nu. Mo fọ abọ́, mo kí ìyá rẹ̀ pé ó dìgbà, mo sì lọ wọ ọkọ̀. Mo ti padà débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, mi ò tíì tún bi í.